Ìgbéyàwó Tí Ẹ Ṣe Ló Máa Sọ Kóòtù Tí Ẹ Máa Lọ

Ẹ jẹ́ ká mú tọkọtaya kan bí àpẹẹrẹ. Wọ́n ṣe ìdána nílé ìyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ẹtì: wọ́n ka lẹ́tà, wọ́n gba owó orí, bàbá ìyàwó gbàdúrà fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ lọ, wọ́n fọwọ́ síwèé níwájú àlùfáà, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó. Ọdún mẹ́wàá kọjá, ìfẹ́ tán, ọkọ kó jáde. Ẹbí parí ìjà títí ó fi sú wọn. Ọkọ bá gba kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ àdúgbò lọ, ó ní òun ò ṣe mọ́. Kóòtù ní òun tú wọn ká, wọ́n sì fún un níwèé. Kò pẹ́ tó fi fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́jísìrì.

Lójú ara rẹ̀, ọkùnrin yìí ti kọ ìyàwó àkọ́kọ́ sílẹ̀. Lójú òfin Nàìjíríà, kò kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìyàwó àkọ́kọ́ ṣì ni ìyàwó rẹ̀, ìgbéyàwó kejì kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti ṣẹ̀ sí abala 370 nínú òfin ìwà ọ̀daràn, tí ìjìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Bó bá kú lónìí, obìnrin méjì ni yóò pe ara wọn ní opó rẹ̀, òfin ò sì ní ka ìkejì sí ìyàwó rárá, bó ti wù kó tọ́jú rẹ̀ tó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kó sí irú wàhálà yìí. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé ta ni lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ dáadáa. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú ni pé irú ìgbéyàwó wo ni mo ṣe. Ìdáhùn sí i ló ń sọ kóòtù tó lágbára lórí ọ̀rọ̀ yín, òfin tí wọ́n máa fi dá a, ẹ̀tọ́ tí ẹ ní sí ilé, sí owó àti sí ọmọ, àti irú agbẹjọ́rò tí ẹ nílò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè náwó lórí agbẹjọ́rò tó gbówó lórí jù lọ, kó sì tún pàdánù.

Ìgbéyàwó mẹ́ta, kóòtù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Òfin Nàìjíríà mọ irú ìgbéyàwó mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ìgbéyàwó alárédè, èyí tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ìjọba, ìbáà jẹ́ ní rẹ́jísìrì káńsù, ní rẹ́jísìrì ìjọba àpapọ̀ bíi ti Ìkòyí, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ. Ìyàwó kan, ọkọ kan ni òfin yìí mọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ni tọkọtaya bẹ́ẹ̀ lè gbé ẹjọ́ ìtúká lọ. Kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ò lágbára kankan lórí rẹ̀. Bí ẹbí méjèèjì bá jókòó, tí wọ́n gbà pé ó ti parí, tí wọ́n sì dá owó orí padà, ìgbéyàwó náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé lè pe ẹjọ́ náà ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ìyàwó.

Ìkejì ni ìgbéyàwó ìbílẹ̀: ìdána, owó orí, kí ẹbí sì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ èyí nìkan lẹ ṣe, kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ni ẹ máa lọ, irú èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn àti ní Ìgàǹdó l'Ékòó. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rojọ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn sì ń dá rojọ́ ara rẹ̀ láìgba agbẹjọ́rò. Kóòtù lè tú wọn ká, kó sọ ibi tí ọmọ máa gbé àti iye tí bàbá máa mú wá fún ìtọ́jú wọn, kó sì pàṣẹ lórí owó orí.

Ìkẹta ni yìgì. Nínú òfin Ìsìláàmù, ọkọ lè kọ ìyàwó sílẹ̀. Ìyàwó náà lè bèèrè ìtúká, kó sì dá sàdáàkì tó gbà padà. Obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ní àsìkò tó gbọ́dọ̀ fi dúró kó tó fẹ́ ẹlòmíràn, ọkọ sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ láàárín àsìkò yẹn bí ó bá ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà. Ìwé òfin 1999 gba ìpínlẹ̀ láyè láti dá kóòtù Ṣàríà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ò dá a sílẹ̀. Nítorí náà, kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ń lọ, tàbí ìgbìmọ̀ Ṣàríà olómìnira tí àwọn àáfà dá sílẹ̀ láwọn ìlú kan. Ìgbìmọ̀ yìí wúlò púpọ̀ fún àwọn tó bá fínnúfíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ wọn wá, àmọ́ kì í ṣe kóòtù ìjọba. Bí Mùsùlùmí bá sì ti so yìgì tó tún lọ sí rẹ́jísìrì, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé yẹn.

Kí àwọn tó ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe sùúrù ka ìwé wọn wò. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ni ìjọba fún láṣẹ láti so ìgbéyàwó alárédè. Bí ìwé tí wọ́n fún yín kò bá sọ pé lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ìjọba ni wọ́n ti so yín pọ̀, ó lè jẹ́ ìbùkún lásán ni ṣọ́ọ̀ṣì ṣe fún yín, kó jẹ́ pé ìdána yẹn nìkan ni ìgbéyàwó tí òfin mọ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò gidi máa ṣe ni láti gba ìwé yẹn lọ́wọ́ yín, kó kà á látòkè délẹ̀.

Ẹbí kì í ṣe kóòtù

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ jáde ní 1921, sọ níbẹ̀ pé ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidi láàárín àwọn baba ńlá wa. Ẹbí ló ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọ wọn, ẹbí náà ló ń parí ìjà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, obìnrin tí ọkọ sú rí ibi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìdúró de ẹbí, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ sì pọ̀ sí i kíákíá.

Ìlàjà ẹbí ṣì níyì títí dòní, òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹjọ́ ìgbéyàwó alárédè, agbẹjọ́rò tó ń pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ ìlàjà, pé òun sì ti sọ fún un nípa àwọn tó lè bá wọn làjà. Adájọ́ náà lè dá ẹjọ́ dúró bó bá rí i pé ìrètí ṣì wà. Ohun tí ẹbí ò lè ṣe ni kí wọ́n tú ìgbéyàwó alárédè ká láàárín ara wọn. Bí àgbà ilé bá ní “ó ti parí, máa lọ,” ìmọ̀ràn nìyẹn, kì í ṣe ìdájọ́.

Ohun tí òfin 1970 ń bèèrè

Òfin tó ń darí títú ìgbéyàwó alárédè ká ni Matrimonial Causes Act, tó ti wà láti 1970. Ìdí kan ṣoṣo ló mọ̀: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àmọ́ ẹnu lásán ò tó láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fìdí ọ̀kan, ó kéré tán, múlẹ̀ nínú nǹkan mẹ́jọ tí abala 15 kà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kejì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti bá a lò pọ̀ látìgbà tí wọ́n ti ṣe ìyàwó. Ó lè jẹ́ àgbèrè, tí kò sì lè fara da bíbá a gbé mọ́. Ó lè jẹ́ ìwà tí ẹnikẹ́ni ò lè retí pé kí ènìyàn máa bá yí. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kejì ti fi í sílẹ̀ lọ fún ọdún kan gbáko, ó kéré tán. Ó lè jẹ́ pé wọn ò gbé pọ̀ fún ọdún méjì, tí ẹnì kejì ò sì ta ko ìtúká. Tàbí pé wọn ò gbé pọ̀ fún ọdún mẹ́ta, yálà ẹnì kejì fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ó lè jẹ́ pé kóòtù ti pàṣẹ pé kí ẹnì kejì padà sílé, tó sì kọ etí ikún sí i fún ọdún kan. Èyí tó kẹ́yìn ni pé ẹnì kejì ti di àwátì, débi pé a lè gbà pé ó ti kú. Ọdún méje ni òfin fi wọn ìyẹn.

Ẹ kíyè sí ohun tí kò sí níbẹ̀. “A ò bára wa mu mọ́” kò sí níbẹ̀. “Àwa méjèèjì ti fẹnu kò” kò sí níbẹ̀, àfi tí ọdún méjì bá ti kọjá láì gbé pọ̀. Ìdí tí agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ fi máa bi yín léèrè ọjọ́ tí ẹnì kan kó jáde nìyẹn, kó tó bi yín léèrè ẹni tó jẹ̀bi. Tọkọtaya tí wọn ò bá ti gbé pọ̀ fún ọdún méjì, tí wọ́n sì gbà láàárín ara wọn, lè tú ká láìtú àṣírí ara wọn síta ní gbangba kóòtù. Bí agbẹjọ́rò bá fi àgbèrè kún ẹjọ́ tí ọdún ìpínyà nìkan ìbá ti parí, ìjà àti ináwó ló ń dá sílẹ̀ fún wọn.

Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún méjì tún ní ìdènà tirẹ̀. Lábẹ́ abala 30, ẹnikẹ́ni ò lè pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ kóòtù, àfi nínú àwọn ọ̀ràn bíi mélòó kan bí àgbèrè. Kóòtù kì í sì í dédé fúnni láyè: ó fẹ́ rí ìnira tó kọjá ti gbogbo ènìyàn, tàbí ìwà ìkà tó kọjá sísọ.

Ìpele méjì ni ìdájọ́ fúnra rẹ̀ ń gbà. Àṣẹ àkọ́kọ́ tí adájọ́ bá pa kò tíì tú ìgbéyàwó ká tán. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kó tó di èyí tó fìdí múlẹ̀. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún bá sì wà, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ètò tó tọ́ wà fún wọn. Ẹni tó bá jó jáde ní kóòtù lọ́jọ́ àṣẹ àkọ́kọ́, tó sì ṣe ìyàwó tuntun lóṣù tó tẹ̀ lé e, orí ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ló ti ṣe é.

Bí a ṣe ń yan agbẹjọ́rò

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní orúkọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà ní Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, ní ẹ̀ka ní Ìkẹjà, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn. Ẹ lè lọ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni náà, àti ta ni ó ń ṣe ẹjọ́ ìdílé ládùúgbò yín. NBA tún ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní òǹtẹ̀ tó gbé orúkọ wọn, èyí tó yẹ kó wà lára ìwé tí wọ́n bá kọ lọ sí kóòtù. Bí ẹ ò bá rí i lára ìwé yín, ẹ bèèrè ìdí.

Lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ bí ẹni mowó lè má mọ ti ìgbéyàwó. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá jókòó pọ̀, ẹ bi í ní tààrà. Ẹjọ́ ìgbéyàwó mélòó lẹ ti ṣe ní Ilé Ẹjọ́ Gíga láìpẹ́ yìí? Èwo nínú ìdí mẹ́jọ yẹn lẹ máa gbé tèmi kà, kí sì nìdí? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa dúró ní kóòtù, àbí ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì yín? Bí ìdáhùn bá jẹ́ “ẹ fi sílẹ̀ fún mi” nìkan, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n ń fi orúkọ yín ṣe.

Kí owó iṣẹ́ wà nínú ìwé: ti ìjíròrò àkọ́kọ́, ti ìwé tí wọ́n máa gbé sí kóòtù, ti ìjókòó kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹjọ́ bá pẹ́. Ẹ gba rìsíìtì. Agbẹjọ́rò kan ò lè ṣojú ọkọ kó tún ṣojú ìyàwó nínú ẹjọ́ kan náà. Bí ọkọ bá sọ pé lọ́yà òun ti kọ ohun gbogbo, pé kí ìyàwó ṣáà fọwọ́ sí i, kí ìyàwó gbé ìwé yẹn lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò tirẹ̀ kó tó fi kálámù kàn án.

Ẹ sá fún ẹni tó bá ṣèlérí pé ìwé ìtúká máa jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹ́ pé ẹnì kejì mọ̀. Òfin ò fàyè gba irú rẹ̀. Ìwé ìpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹnì kejì, kó sì ní àyè láti fèsì. Bí wọn ò bá rí i, kóòtù ló máa pàṣẹ ọ̀nà mìíràn tí ìwé máa gbà tọ̀ ọ́ lọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, oṣù mẹ́ta tí a sọ lókè ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gba ìwé ìdájọ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù fúnra yín, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà ẹjọ́ náà wà lákọsílẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí kóòtù jẹ́rìí sí.

Ní tiyín, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún agbẹjọ́rò yín. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ò gbà á láyè láti tú ohun tí ẹ bá a sọ síta láìgbàṣẹ lẹ́nu yín. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ fún un, agbẹjọ́rò ẹnì kejì ló máa mú un jáde ní kóòtù, nígbà tí kò ní sí àyè láti múra sílẹ̀ mọ́.

Ti ta ni ọmọ?

Àṣà wa sọ pé ilé bàbá ló ni ọmọ. Ìgbàgbọ́ yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ìyá fara da ohun tí kò yẹ kí ènìyàn fara dà, nítorí wọ́n rò pé bí àwọn bá jáde, àwọn ò ní fojú kan ọmọ mọ́. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Abala 71 nínú òfin 1970 sọ pé ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú ohun gbogbo. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ tẹnu mọ́ ọn ní 1987, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìlànà yẹn kan náà ló de kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá.

Ohun tí adájọ́ ń wò ni ibi tí ọmọ yóò sùn, ta ni yóò mú un lọ sílé ìwé, ọjọ́ orí rẹ̀, ìlera rẹ̀, ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ látẹ̀yìnwá, àti bóyá ìwà ẹnì kan lè pa á lára. Owó nìkan kì í gba ọmọ fún bàbá, jíjẹ́ obìnrin nìkan kì í sì í gba ọmọ fún ìyá. Ẹni tí ọmọ ò bá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣì ní ẹ̀tọ́ láti máa rí i, ó sì gbọ́dọ̀ máa mú owó ìtọ́jú wá. Kí ẹjọ́ tó parí pàápàá, agbẹjọ́rò lè bẹ kóòtù fún àṣẹ onígbà díẹ̀ lórí ọmọ àti lórí owó oúnjẹ.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Tọkọtaya tó bímọ gbọ́dọ̀ sa gbogbo ipá wọn kí ọ̀rọ̀ yìí má ṣẹ mọ́ wọn lára, nítorí wọ́n ṣì máa pàdé nílé ìwé ọmọ, nílé ìwòsàn, àti lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà. Ìdí nìyí tí ilé ìlàjà fi wúlò. L'Ékòó, Citizens Mediation Centre lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ń bá àwọn ènìyàn làjà lọ́fẹ̀ẹ́, Lagos Multi-Door Courthouse náà sì ti wà láti 2002. Ìlàjà ò lè tú ìgbéyàwó alárédè ká, ṣùgbọ́n ó lè parí ọ̀rọ̀ ọmọ àti ti owó, kí adájọ́ wá fọwọ́ sí àdéhùn náà.

Ilé, ilẹ̀ àti owó

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ irú ìgbéyàwó ti ń dun obìnrin jù lọ. Fún ìgbéyàwó alárédè, abala 70 fún kóòtù lágbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ẹni tó bá tọ́ sí, ọkọ tàbí aya, lẹ́yìn tí ó bá ti wo agbára àti ìwà àwọn méjèèjì. Abala 72 fún un lágbára lórí dúkìá, kó ṣètò rẹ̀ bó bá ṣe tọ́ fún tọkọtaya àti àwọn ọmọ. Òfin ò sọ pé kí wọ́n dá a sí méjì ọgbọọgba. Adájọ́ ni yóò wò ó.

Àwọn abala wọ̀nyí ò kan ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti yìgì. Obìnrin tí wọ́n ṣe ìdána rẹ̀, tó bá ọkọ kọ́lé, gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé owó òun wọ inú ilé náà. Ní 1992, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ta ilé tí wọ́n ń gbé. Obìnrin náà ní àwọn méjèèjì làwọn jọ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ní pàtó ohun tó mú wá àti bí ó ti pọ̀ tó. Ó pàdánù. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló ń ra sìmẹ́ńtì lówó ọjà wọn, tí wọ́n ń bọ́ àwọn bíríkìlà, tí orúkọ ọkọ nìkan sì wà nínú rìsíìtì? Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n kóòtù ò lè rí ohun tí kò sí níwèé.

Nítorí náà, kí owó máa gba báńkì kọjá, kí àlàyé wà lára rẹ̀. Kí orúkọ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé ilẹ̀. Ohun tí obìnrin bá fi owó ara rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ìgbéyàwó ò sọ ọ́ di ti ọkọ.

Ẹ mú àwọn nǹkan wọ̀nyí dání lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tàbí fọ́tò ìdána, ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, rìsíìtì owó ilé ìwé wọn, ìwé ilẹ̀ àti ti ilé, àkọsílẹ̀ báńkì, ìwé dókítà bí ẹnì kan bá ti lù yín rí, àti àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ẹ pínyà. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn síbi tí ọwọ́ ẹnì kejì ò lè tó.

Bí ẹ bá ń sá fún lílù

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá sá jáde, wọ́n á ní àwọn ló kọ ọkọ. Abala 18 nínú òfin 1970 dáhùn ìyẹn. Ẹni tí ìwà rẹ̀ lé ẹnì kejì jáde nílé, òun gan-an ni òfin kà sí ẹni tó kọ ẹnì kejì sílẹ̀. Bí ẹ̀mí yín bá wà nínú ewu, ẹ kọ́kọ́ jáde. Ẹjọ́ á tẹ̀ lé e.

Èkó ti ní òfin tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ ìwà ipá abẹ́lé láti 2007, Èkìtì láti 2011, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù náà sì ti ṣe tiwọn. Kóòtù lè pàṣẹ pé kí ẹni tó ń lu ẹnì kejì má ṣe sún mọ́ ọn mọ́, láìjẹ́ pé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èkó tún ní àjọ kan, DSVA, tó wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tí kò lówó

Àìlówó ò túmọ̀ sí àìní agbẹjọ́rò. Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ní Èkó, Office of the Public Defender ń ṣojú àwọn tí agbára wọn ò ká a. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1964, ń gba ẹjọ́ obìnrin àti ọmọdé láìgbowó. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé yín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá sì ti fi lé yín lọ́wọ́, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fèsì wà lára rẹ̀, ẹni tó bá dákẹ́ sì lè bá ìdájọ́ nílẹ̀ tí wọn ò fi tirẹ̀ ṣe.

Àwọn ará wa lókè òkun

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya Yorùbá ló ṣe ìyàwó nílé ní Nàìjíríà, àmọ́ tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester. Kóòtù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè tú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ká bí wọ́n bá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Láti April 2022, ẹnikẹ́ni ò ní láti fi ẹ̀bi hàn níbẹ̀ mọ́: ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún kan, ogún ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá kí àṣẹ àkọ́kọ́ tó jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì tún wà kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde.

Ẹni tí wọ́n bá tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká ní Nàìjíríà pàápàá ò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní 2010, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ tọkọtaya ọmọ Nàìjíríà kan tí wọ́n tún jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ ti gba ìtúká ní Èkó, ohun tí kóòtù ibẹ̀ yàn fún ìyàwó kò sì tó gbọ́ bùkátà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tó ń gbé. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1984, kóòtù fún un ní ìpín nínú owó ilé tó wà níbẹ̀, ní nǹkan bí £275,000, tí ó sì gbọ́dọ̀ fi ti Èkó sílẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé lókè òkun nílò agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibi tó wà, nígbà mìíràn ó tún nílò ti ilé pẹ̀lú, kí ọ̀kan má ba iṣẹ́ èkejì jẹ́.

Mímọ ẹ̀tọ́ ẹni ò túmọ̀ sí pé a ń wá ìkọ̀sílẹ̀. Tọkọtaya tí ilé wọn tòrò náà yẹ kó mọ ibi tí ìwé ìgbéyàwó wọn wà, irú èyí tó jẹ́, àti orúkọ ta ni ó wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n jọ rà. Ẹni tí tirẹ̀ bá sì ti ń wó lọ, kó rí agbẹjọ́rò kó tó fọwọ́ síwèé, kó tó gba owó gbà-má-bínú, kó tó kó ọmọ lọ sílùú mìíràn, kó sì tó fẹ́ ẹlòmíràn. Òfin tó máa gbà á sílẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ohun tó kù ni kó tètè lọ bèèrè rẹ̀, ní kóòtù tó yẹ, pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.